Ọkọ̀ Tí Mo Gba Ohùn Lẹ́nu Rẹ̀

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Láti Kútọnu níbí ni mo ti dọ̀bálẹ̀ kí yín, àyà mi kan ilẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iyanrìn ni ilẹ̀ ibí, kì í gba ènìyàn mọ́ra bí amọ̀ dúdú ilé wa. Ẹ kú ìrójú. Ẹ kú ọ̀fọ̀ tí kò tíì tán lára yín. Mo kí Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n Bàbá mi àti olórí ilé wa. Kí Ọlọ́run fún ẹsẹ̀ wọn ní ìlera. Mo kí ẹ̀yin ìyàwó ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, mo kí ẹ̀yin ọmọ ilé, tọmọdé tàgbà. Mo kí katikíìsì ìjọ wa tó ń ka ìwé yìí sí yín létí. Ẹ bá mi fún wọn lómi mu kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, torí ìwé náà gùn, ọ̀fun wọn á gbẹ.

Ìyá mi, gbogbo lẹ́tà tí mo ti kọ rí, ẹ̀yin nìkan ni wọ́n ń kà á fún, nínú yàrá yín. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní kí katikíìsì dúró díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé àga síta lábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé, kí ẹ pe Bàbá Àgbà, kí ẹ pe àwọn ará ilé tó kù, àti aládùúgbò tó bá fẹ́ gbọ́. Ọ̀rọ̀ Ìyá Kékeré, ìyàwó kejì Bàbá mi, ni mo fẹ́ sọ. Gbangba ni ilé wa ti lé wọn jáde, gbangba náà ni mo fẹ́ kí wọ́n ti ka ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀. Bí ẹ bá ti pé, kí katikíìsì máa kà á lọ.

Èmi wà láàyè, ara mi sì le. Ẹ̀ẹ̀rùn ti dé síbí, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀rùn Kútọnu kò jọ tiwa. Ọyẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Atẹ́gùn òkun ló ń fẹ́ láàárọ̀ lálẹ́, iyọ̀ ló sì wà nínú rẹ̀. Ó ń jẹ irin bí ikán ṣe ń jẹ òpó ilé. Mo ń jẹun dáadáa. Àkàsà, irú ẹ̀kọ tiwọn, àti ẹja ni oúnjẹ ibí, ó ti ń mọ́ mi lẹ́nu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọbẹ̀ ilá yín kì í kúrò lọ́kàn mi. Ohun tó le ni àìrí ẹni bá sọ̀rọ̀. Èdè Gùn àti Fọ̀n ni wọ́n ń sọ lọ́jà, Faransé la ń sọ níbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi, bí a bá ti ṣe Mísà tán, mo máa ń rìn lọ sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin, màá dúró níbi tí àwọn tó ti ọ̀nà Àjàṣẹ́ àti Pọbẹ̀ wá ń gbà jáde. N kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Etí mi ló ń wá ohùn ilé. Bí mo bá gbọ́ tí obìnrin kan ń fi Ọ̀họ̀rí, èdè ilé wa, bá ọmọ rẹ̀ wí, inú mi á dùn bí ẹni pé èmi ló ń bá wí.

Ẹ mọ̀ pé gáráàjì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó jẹ́ ọmọ Àgùdà láti Àjàṣẹ́. Nítorí pé ọmọ alágbẹ̀dẹ ni mí, gbogbo iṣẹ́ tó bá jẹ mọ́ irin lílù, irin títẹ̀ àti irin jíjó pọ̀, èmi ni ọ̀gá máa ń gbé e fún. Ó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé òòlù mi ń sọ Ọ̀họ̀rí, pé bí òun bá wà lẹ́yìn ilé tí mo bá ń lu irin, òun á mọ̀ pé èmi ni. Ó máa ń dùn mọ́ mi bó bá sọ bẹ́ẹ̀, torí lọ́wọ́ Bàbá ni mo ti kọ́ ọ.

Lọ́dún tó kọjá, kí òjò àkọ́kọ́ tó tán, òyìnbó ọ̀dọ́ kan tó ń ra èkùrọ́ mú ọkọ̀ eré sísá kan wá bá wa. Ọkọ̀ pupa ni, kò ní òrùlé, ẹni méjì péré ló ń gbà, ó sì fara mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òbúkọ ilé wa lè fò ó kọjá. Òyìnbó náà ti yọ páìpù èéfín tí wọ́n ṣe mọ́ ọkọ̀ náà, ó ti fi òmíràn sí i, èyí tó fẹ̀ jù ú lọ, tó fi ọkọ̀ òkun gbé wá láti ilẹ̀ Faransé. Wọ́n ní ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ bá ń rọ́nà jáde dáadáa a máa sáré sí i. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ariwo rẹ̀ kò ṣeé fara dà. Bó bá kọjá, ọmọ ọwọ́ á ta gìrì, adìyẹ á fò sórí ògiri. Àwọn jándáámù, ọlọ́pàá ìjọba, dá a dúró nítòsí ilé ìwòsàn, wọ́n gba ìwé ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní ọkọ̀ náà kò gbọdọ̀ rìn lójú ọ̀nà mọ́, àfi bí àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò bá ní ó dára.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé kó yé gbogbo yín, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ rántí ẹwìrì Bàbá, bó ṣe ń fẹ́ atẹ́gùn sínú iná. Inú ọkọ̀ náà ní iná. Ó ń fa atẹ́gùn mu, iná ń jó, èéfín ń fi ipá jáde. Ipá yẹn ló ń di ariwo. Nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń fi ìkòkò irin kan sídìí páìpù lẹ́yìn ọkọ̀, kí èéfín lè máa yí po nínú rẹ̀ títí ó fi máa rẹ̀ ẹ́. Bó bá jáde, ohùn rẹ̀ á ti rọ̀. Òfin ìjọba sọ pé ìkòkò èéfín yìí gbọ́dọ̀ wà lára gbogbo ọkọ̀, pé kò gbọdọ̀ lu, pé ẹ̀yìn ni èéfín gbọ́dọ̀ gbà jáde. Ó tún sọ pé kò gbọdọ̀ sí ohunkóhun tí awakọ̀ lè fi ṣí i sílẹ̀ bí ó bá ń wa ọkọ̀ lọ.

Òyìnbó náà kò fẹ́ kí a yọ páìpù tuntun rẹ̀. Ó ní kí n fi ìkòkò sí i, ṣùgbọ́n kí n bá òun ṣe ilẹ̀kùn kékeré kan síwájú ìkòkò náà, kí n so wáyà mọ́ ọn dé ìdí ẹsẹ̀ òun. Nínú ìlú, òun á tì í pa. Bí òun bá ti jáde sí ọ̀nà oko, òun á fà á ṣí, kí ọkọ̀ òun lè máa bú bó ṣe wù ú. Ọ̀gá mi wò mí, ó ní èmi ni n óò ṣe é, kí n sọ̀rọ̀. Mo ní n kò ní ṣe é. Mo ní òfin kọ̀ ọ́, pé bí àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò bá rí wáyà yẹn, orúkọ gáráàjì wa ló máa bàjẹ́. Òyìnbó náà bínú, ó tún rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò rí alágbẹ̀dẹ olófin rí. Ìyá mi, mo gbéra ga lọ́jọ́ yẹn. Ẹ fi ilẹ̀kùn kékeré yẹn sọ́kàn.

Ìkòkò tó bá páìpù náà wá láti òkè òkun kò tó. A gbé ọkọ̀ lọ fún àyẹ̀wò, wọ́n ní ariwo rẹ̀ ṣì pọ̀, wọ́n dá a padà. Ó dùn mí. Mo gé ìkòkò náà sí méjì. Mo ká páànù tó nípọn, mo lu ihò wẹ́wẹ́ sí gbogbo ara rẹ̀, mo fi í sínú. Mo lọ tọrọ ìrun irin, èyí tó máa ń jábọ́ bí wọ́n bá ń gbẹ́ irin ní ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú irin ṣe, mo sì kì í há gbogbo àyè tó kù. Mo wá tẹ etí ìkòkò náà pọ̀ bí Bàbá ṣe máa ń tẹ etí agogo pọ̀, tí ènìyàn kò fi ní mọ ibi tí ojú rẹ̀ ti pàdé. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ṣe é. Nígbà tí a padà lọ, ọ̀gbẹ́ni tó ń yẹ ọkọ̀ wò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó na ọwọ́ sí ẹnu páìpù kó tó gbà pé ọkọ̀ náà ń ṣiṣẹ́. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé. Ọ̀gá mi ń sọ ọ́ kiri gbogbo àdúgbò.

Ká sọ òtítọ́, òfin kò béèrè tó bẹ́ẹ̀. Òfin ní kí ariwo dín kù, kò ní kó kú. Èmi ni mo fẹ́ fi hàn pé mo mọṣẹ́.

Nígbà tí mo wá sílé fún ìkórè àgbàdo àkọ́kọ́, mo sọ ìtàn náà fún Bàbá. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀, Ìyá mi, ẹ ń bó ẹ̀gẹ́ létí ẹnu ọ̀nà. Bóyá ẹ ó rántí. Ẹ mọ̀ pé ojú Bàbá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán nígbà náà, iná àgbẹ̀dẹ ti jẹ ẹ́. Iṣẹ́ tó kù fún wọn ni jíjókòó ti àgbàdo tí a bá sá sójú ọ̀nà ní Ìkpinlẹ̀ wa. Ilẹ̀ àgbàlá wa kì í tètè gbẹ, ọ̀nà ọkọ̀ ló ga tó sì gbóná, ibẹ̀ ni gbogbo wa ń tẹ́ ẹní sí. Bàbá á máa lé ewúrẹ́, wọ́n á sì máa fetí sílẹ̀. Ta ló ní etí bíi tiwọn? Bí ọkọ̀ akẹ́rù bá ṣì wà ní abúlé Kpúlú lókèèrè, wọ́n á ti mọ èyí tó jẹ́. Wọ́n ní ti oníṣòwò Àjàṣẹ́ ń wúkọ́, wọ́n ní alùpùpù Fáda ń kálòlò. Wọ́n á ké sáwọn obìnrin, kí ọkọ̀ sì tó yọ, gbogbo ẹní á ti kúrò lọ́nà. Ọdún mélòó la fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, tí hóró àgbàdo kan kò ṣègbé?

Bàbá fetí sí ìtàn ìkòkò èéfín mi dópin. Wọ́n béèrè bí mo ṣe tẹ etí rẹ̀ pọ̀, mo sọ fún wọn, wọ́n mi orí, inú wọn dùn. Wọ́n ní, ọkọ̀ tí kò lóhùn yìí, bó bá gba ọ̀nà tiwa, báwo làwọn ṣe máa mọ̀ pé ó ń bọ̀? Mo fi rẹ́rìn-ín. Mo ní Bàbá, ọkọ̀ Kútọnu ni, kí ló máa wá wá sórí àgbàdo? Wọ́n ní ó dáa. Wọn kò sọ ọ́ mọ́.

Ìgbà ìkórè kejì, nínú ọyẹ́, òyìnbó náà gbé ọkọ̀ rẹ̀ padà wá. Iná iwájú rẹ̀ kan ti fọ́, irin tó bo táyà ti tẹ̀ wọnú. Ó bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ lábẹ́ òrùlé, n kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, iṣẹ́ ni wọ́n kàn gbé fún mi. Nígbà tí mo wọ abẹ́ ọkọ̀ náà, mo rí àgbàdo. Ó há sáàárín irin iwájú, ó há sẹ́yìn ìkòkò èéfín mi, àgbàdo funfun tó ní ìlà pupa, irú tiwa. Mo fi ṣàwàdà fáwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́, mo ní ọkọ̀ eré ti di àgbẹ̀. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo yọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo kó o sí àpò ṣòkòtò mi torí ó rán mi létí ilé.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn náà ni awakọ̀ akẹ́rù kan tó ti Pọbẹ̀ wá béèrè mi ní gáráàjì. Ó ní wọ́n rán òun sí mi pé Bàbá ti kú, pé ọkọ̀ pupa kékeré tí kò lórùlé ló gbá wọn lójú ọ̀nà ní Ìkpinlẹ̀. Mo dìde dúró. Mo ki ọwọ́ bọ àpò mi, àgbàdo náà sì wà níbẹ̀.

Ọ̀gá mi ló wá sọ èyí tó kù fún mi. Òyìnbó náà kò sá. Òun fúnra rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn jándáámù. Wọ́n yẹ ọkọ̀ wò, táyà rẹ̀ dára, bíréèkì rẹ̀ dára, ìkòkò èéfín rẹ̀ wà níbi tó yẹ kó wà, ìwé rẹ̀ pé. Wọ́n ní bàbá arúgbó tí kò ríran ló wà láàárín ọ̀nà, pé kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni sá oúnjẹ sójú ọ̀nà ọkọ̀. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ. Iṣẹ́ ọwọ́ mi wà lára ohun tó dá a sílẹ̀.

Ìyá mi, ẹ̀yin náà mọ bí mo ṣe wálé fún ìsìnkú. Ẹ rò pé ẹkún ló di mí lẹ́nu. Kì í ṣe ẹkún nìkan.

Lẹ́yìn tí a bo Bàbá tán, Bàbá Àgbà pe gbogbo ilé jọ sábẹ́ máńgòrò yìí kan náà. Wọ́n béèrè lọ́wọ́ Ìyá Kékeré bó ṣe ṣẹlẹ̀, torí Ìyá Kékeré nìkan ló wà pẹ̀lú Bàbá. Ìyá Kékeré ní Bàbá fẹ́ dìde lọ yí àgbàdo tó wà láàárín ọ̀nà padà. Wọ́n ní Bàbá kọ́kọ́ fetí sílẹ̀, wọ́n wá bi àwọn bóyá àwọn gbọ́ nǹkan. Àwọn náà fetí sílẹ̀, àwọn ní àwọn kò gbọ́ nǹkan kan. Bàbá bá dìde. Ìgbà tí àwọn máa fojú kàn án, ọkọ̀ náà ti yọ ní kọ́nà ibi igi ọ̀pẹ. Bàbá Àgbà bi wọ́n lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n bi wọ́n lẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ kan náà ni Ìyá Kékeré ń sọ. Ará ilé bẹ̀rẹ̀ sí kùn. Wọ́n ní ọkọ̀ tí a máa ń gbọ́ láti Kpúlú, ta ni kò ní gbọ́ ọ bó bá dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀? Wọ́n ní ẹni tó ní òun kò gbọ́, ó fẹ́ kí ọkọ òun kú ni, tàbí kó jẹ́ pé ó ti fi ọwọ́ ayé dí etí Bàbá. Ẹ̀yin náà sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, Ìyá mi. N kò ní tún ohun tí ẹ sọ sọ, ọ̀fọ̀ ló fà á.

Ìgbà yẹn ni Ìyá Kékeré yíjú sí mi. Wọ́n ní, Ògúndélé, ìwọ lo mọ iṣẹ́ ọkọ̀ nínú gbogbo wa. Dákun, sọ fún wọn, ṣé ọkọ̀ kan wà láyé tí kì í dún? Gbogbo yín ń wò mí. Ẹ ó rántí ohun tí mo fi dáhùn. Mo wo ilẹ̀, mo ní gbogbo ọkọ̀ ló lóhùn.

Irọ́ ni mo pa.

Mo pa á torí ẹ̀rù bà mí. Mo rí ojú yín, Ìyá mi, mo sì rò ó pé bí ẹ bá mọ̀ pé ọwọ́ ọmọ tí ẹ bí ló wà nídìí ikú ọkọ yín, ẹ ò ní lè wò mí mọ́. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà máa rọlẹ̀. N kò mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí mo bá lọ ni wọ́n máa kó ẹrù Ìyá Kékeré síta, tí wọ́n á ní kí Ìyá Kékeré máa lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n wọn tó jẹ́ adẹ́mu ní Màsẹ̀. Ìgbà tí mo gbọ́, mo tún dákẹ́. Ọdún kan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pé yìí.

Ohun tó là mí lẹ́nu ni pé lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin, mo gbọ́ ohùn Ọ̀họ̀rí, mo súnmọ́ ọn. Obìnrin ará Màsẹ̀ kan ni, ó wá wo ọmọ rẹ̀. Kò mọ̀ mí. Ó ń sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ nípa opó kan ní abúlé wọn, àbúrò adẹ́mu kan, tí wọ́n ní ó pa ọkọ rẹ̀. Ó ní ẹnikẹ́ni kì í ra gàrí lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá lọ pọnmi, àwọn tó kù á dúró kó kúrò kí wọ́n tó bọ́ síbẹ̀. Ó ní ohun kan ṣoṣo tí opó náà máa ń sọ ni pé àwọn méjèèjì ló fetí sílẹ̀, àwọn méjèèjì ni kò gbọ́. Mo kúrò níbẹ̀. Mo jókòó sórí òkúta kan létí òkun, mo sunkún bí ọmọdé.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ìyá Kékeré kò purọ́. Kò sí ohun tí wọ́n máa gbọ́ lọ́jọ́ yẹn, torí èmi Ògúndélé ti mú ohùn kúrò lẹ́nu ọkọ̀ náà. Bàbá fúnra wọn fetí sílẹ̀ kí wọ́n tó dìde. Bí etí Bàbá kò bá gbọ́ ọ, etí ta ló máa gbọ́ ọ nínú gbogbo yín? Ẹ sì rántí ilẹ̀kùn kékeré tí mo kọ̀ láti ṣe. Ká ní mo ṣe é, òyìnbó náà ìbá ti ṣí i kó tó kọjá Àjàṣẹ́, ọkọ̀ rẹ̀ ìbá máa bú bọ̀ láti Kpúlú, Bàbá ìbá sì wà láàárín yín lónìí, tí wọ́n ń lé ewúrẹ́. Mo ti rò ó títí. Ọ̀gá mi ní ọwọ́ mi mọ́, pé ohun tí òfin sọ ni mo ṣe, pé nítorí àwọn aláìsàn tó ń sùn nílé ìwòsàn ni wọ́n ṣe ṣòfin náà. N kò bá òfin jà. Lójú ìjọba, ìwé mi pé. Níwájú Ìyá Kékeré ni kò pé.

Mo ti bá òyìnbó náà sọ̀rọ̀. Mo sọ fún un pé ọmọ arúgbó yẹn ni mí. Ó fi ọwọ́ bo ojú. Mo fi fèrè tó rinlẹ̀ sí ọkọ̀ rẹ̀, irú èyí tí òfin gbà, mo ní bó bá ti kúrò ní Àjàṣẹ́ kó máa fọn ọ́ ní gbogbo kọ́nà. Ó ṣèlérí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará ilé, ẹ má fi etí nìkan ṣọ́ ọ̀nà mọ́. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ á máa pọ̀ sí i. Bí ẹ bá sá àgbàdo, ẹ gbé imọ̀ ọ̀pẹ dí iwájú àti ẹ̀yìn, níbi tí awakọ̀ á ti rí i lókèèrè.

Ìyá mi, wọ́n ní Ìyá Kékeré kò lọ́mọ, pé ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi dìde gbèjà wọn. Ta ló pọ̀n mí nígbà tí ara mi gbóná tí ẹ sì wà lóyún àbúrò mi? Ta ló ń fi abọ́ bo oúnjẹ dè mí bí mo bá pẹ́ ní àgbẹ̀dẹ? Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ń sọ ọ́ pé n kò mọ ẹ̀yìn ta ni mo ti wá. Wọ́n lọ́mọ. Ọmọ náà ló dójú tì wọ́n.

Ẹ kọ̀wé sí mi pé kí n wálé fún ọdún kan Bàbá. Mo ń bọ̀. Àgbàdo tí mo yọ lábẹ́ ọkọ̀ ni mo dì sínú ìwé yìí, hóró mọ́kànlá. Ẹ jọ̀wọ́, kí Bàbá Àgbà mú un, kí ẹ̀yin àti wọn jọ lọ sí Màsẹ̀, kí ẹ fi lé Ìyá Kékeré lọ́wọ́, kí ẹ sọ fún àwọn ará ibẹ̀ pé ọmọ ilé yín ló purọ́. Ẹ bẹ̀ wọ́n, kí ẹ mú wọn wálé. Ìbínú tó bá kù, orí mi ni kí ẹ dà á lé, mo tọ́ sí i. N óò sọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Pọbẹ̀, n óò sì fẹsẹ̀ rìn wá. Bí mo bá bá ìyá mi méjèèjì lójúlé, inú ilé wa ni n óò wọ̀. Bí n kò bá bá wọn, ẹ má bínú, mi ò ní jókòó. Màsẹ̀ ni n óò kọjá sí, ibẹ̀ ni n óò ti ṣe ọdún Bàbá mi.

Ẹ bá mi kí gbogbo ará Ìkpinlẹ̀, ẹ bá mi kí àwọn tí mo gbàgbé. Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká tún rí irú rẹ̀. Kí ó dá yín sí fún wa, kí ó tu yín nínú, kí ó jẹ́ kí ẹsẹ̀ mi bá yín láyọ̀. Kí ilẹ̀ fúyẹ́ lára Bàbá. Ẹ̀yin méjèèjì ni mo kọ ìwé yìí sí, ẹni tó ń gbọ́ ọ lábẹ́ máńgòrò àti ẹni tó wà ní Màsẹ̀.

Èmi ni

Ògúndélé, ọmọ yín, ẹ̀yin ìyá mi méjèèjì.